Ìtọ́sọ́nà fún Tíṣà Abẹ́òkúta: Bí Ẹ Ṣe Lè Bá Ilé-Ìwé Òkèèrè Ṣe Pàṣípààrọ̀ Èdè àti Àṣà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì, Kó Má Kú Lẹ́yìn Ìpè Àkọ́kọ́

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Tíṣà kan rí ilé-ìwé kan lókè òkun, inú gbogbo ènìyàn dùn, wọ́n dá ọjọ́ ìpè fídíò. Lọ́jọ́ náà, ọgọ́ta ọmọ kóra jọ síwájú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ ọ̀hún ń juwọ́, àwọn tiwa náà ń juwọ́. Ẹnì kan bèèrè pé ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín. Nẹ́tíwọ̀kì já. Wọ́n tún pè, ó tún já. Wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn kò dé mọ́.

Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní Abẹ́òkúta níbí, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an. Àwọn ènìyàn máa ń di ẹ̀bi náà ru dátà àti iná. Lójú tèmi, ìpè fídíò tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ló ń pa á. Ìpè fídíò ló yẹ kó kẹ́yìn. Ohun tó ń mú pàṣípààrọ̀ dúró ni pé ọmọ kan fi nǹkan ránṣẹ́, ọmọ kejì sì dá a lóhùn kí ọjọ́ méje tó pé. Bí ìdáhùn bá ti ń lọ tó ń bọ̀, iná ìbáà lọ, nẹ́tíwọ̀kì ìbáà já, iṣẹ́ ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìlànà tó wà nísàlẹ̀ yìí máa gbà. Ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíl ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni tiwa ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí orílẹ̀-èdè Benin ni tiyín, ọ̀nà kan náà ni. Aago àti kàlẹ́ńdà nìkan ló máa yí padà.

Ohun tí ẹ máa kó jọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Fóònù kan pẹ̀lú síìmù tirẹ̀, tí yóò wà lọ́wọ́ tíṣà, tí kò ní jẹ́ ti ọmọ kankan.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, àti spíkà kékeré tí ohùn rẹ̀ máa dé ẹ̀yìn kíláàsì. Ẹ lè má ní projector, kò burú. Bí ohùn kò bá jáde dáadáa, ìyẹn ló burú.

Power bank tó gba iná dáadáa, tó lè gbé fóònù àti MiFi fún wákàtí méjì.

Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá lórí fóònù náà. Gboard ní i: ẹ wọ inú ètò rẹ̀, ẹ mú èdè, ẹ fi Yorùbá kún un. Ẹ di lẹ́tà mú, àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ á jáde.

Ogún ọmọ, ó pọ̀ jù mẹ́rìnlélógún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó gbogbo kíláàsì wọ̀ ọ́ ní ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn tó kù lè wọlé ní táàmù tó ń bọ̀.

Ìwé àjákọ kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, tí wọn ò ní fi ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀gá àgbà ilé-ìwé kò tó. Ẹ gba ìwé tí ó fọwọ́ sí, nítorí ọ̀gá lè lọ sí ilé-ìwé mìíràn láàárín táàmù, ẹni tuntun á sì bi yín pé ta ló ní kí ẹ ṣe é.

Ìpele 1: Ẹ wá tíṣà, ẹ má wá ilé-ìwé

Tíṣà kan tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, tó sì máa ń dá lẹ́tà padà, ni ẹ ń wá. Ilé-ìwé ńlá lè fọwọ́ sí àdéhùn tó gùn bí ẹsẹ̀. Bí tíṣà tó máa ṣe é kò bá ráyè, òfo ni.

iEARN, àjọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ń so tíṣà orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi pọ̀ láti 1988, ẹ lè wá ibẹ̀ wò. British Council náà ti pẹ́ lẹ́nu síso ilé-ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ti òkèèrè. Ẹ lè gbọ́ nípa eTwinning, ṣùgbọ́n ilé-ìwé Yúróòpù àti díẹ̀ nínú àwọn aládùúgbò wọn ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún ní 2005. Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò níbẹ̀.

Fún Bràsíl, ohun kan wà tó ń ràn wá lọ́wọ́. Òfin wọn tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 10.639, ti ọdún 2003, sọ ọ́ di dandan kí ilé-ìwé máa kọ́ ọmọ ní ìtàn àti àṣà Áfíríkà àti ti àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà lọ́dọ̀ wọn. Tíṣà ìtàn, tíṣà iṣẹ́ ọnà àti tíṣà èdè Potogí níbẹ̀ ń wá ohun tí wọ́n máa fi kọ́ni. Lẹ́tà láti Abẹ́òkúta kì í ṣe ìyọlẹ́nu fún wọn rárá.

Kí lẹ́tà yín ṣe ṣókí. Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fi Google tú u sí Potogí, kí ẹ sì tú Potogí náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ wo bóyá ohun tí ẹ sọ náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta péré: ọmọ mélòó ni, ọmọ ọdún mélòó sì ni wọ́n? Ọjọ́ wo, aago mélòó ni ẹ máa ń rí wọn? Èdè wo ni ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi kọ̀wé?

Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣìnà nìyí: wọ́n á máa fi àwòrán òkè Olúmọ ránṣẹ́, ẹni ọ̀hún á máa dáhùn pé ó rẹwà, oṣù kan á kọjá, kò sí ẹni tó mọ iye ọmọ tó wà níbẹ̀.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ṣé tíṣà náà dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan? Bó bá dáhùn ẹyọ kan, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá tún dáhùn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹni tí owó dátà rẹ̀ kò pọ̀. Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ wà ní orílẹ̀-èdè Benin, aago wọn bá tiwa mu láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá, ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ló ń sọ Yorùbá nílé, Faransé ni wọ́n sì ń kà nílé-ìwé. Bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá níbẹ̀ yàtọ̀: wọ́n ń lo ɛ àti ɔ níbi tí àwa ń lo ẹ àti ọ, wọ́n ń kọ kp níbi tí àwa ń kọ p. Ọmọ tiwa tó bá rí "ɔkpɛ́" tó sì kà á sókè tó gbọ́ "ọpẹ́" lẹ́nu ara rẹ̀, kò ní gbàgbé ọjọ́ náà.

Ìpele 2: Ẹ so aago àti kàlẹ́ńdà mọ́ra

Ilé-ìwé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́kọ́ bá ṣe. Ìpè méjì lọ dáadáa ní aago 11 òwúrọ̀. Ní ìpè kẹta, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ti lọ aṣọ wọn, ọmọbìnrin kan mú gèlè ìyá rẹ̀ wá láti fi bí wọ́n ṣe ń wé e hàn. A dúró títí aago 12 fi fẹ́ lù, kò sẹ́ni tó yọjú. Bí àwọn ọmọ ṣe jáde lọ ìsinmi ni ìpè wọlé. Wọ́n ti yí aago wọn padà ní Sọ́ńdè tó kọjá, èmi kò mọ̀, àwọn náà kò rántí sọ. Gèlè yẹn kò tún padà wá sí ilé-ìwé mọ́.

Ẹ kọ èyí sílẹ̀. Nàìjíríà kì í yí aago padà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń yí i: láti Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Kẹta dé Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, aago wọn bá tiwa mu; lẹ́yìn náà wọ́n á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Bràsíl pa yíyí aago tì ní 2019, nítorí náà Bahia ń fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn wa láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Aago 12 ọ̀sán ní Abẹ́òkúta, aago 8 òwúrọ̀ ni ní Salvador, olú-ìlú Bahia. Bí ilé-ìwé yín bá ń parí ní aago 2, àárín 12 sí 2 ni àyè yín. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìjọba níbẹ̀ ló pín ọmọ sí ti òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán. Ẹ rí i pé ti òwúrọ̀ ni ẹ bá ṣe.

Kàlẹ́ńdà tún lágídí ju aago lọ. Oṣù Kejì ni ọdún ẹ̀kọ́ wọn ń bẹ̀rẹ̀, oṣù Kejìlá ló ń parí. Kànífá máa ń gba ọjọ́ lọ́wọ́ wọn ní oṣù Kejì tàbí Ìkẹta, ọdún São João ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà tún ń gbà nínú rẹ̀, ìsinmi wọn sì tẹ̀ lé e. Tiwa, táàmù kẹta kún fún ìdánwò. Àkókò tó dára jù fún ẹ̀yin méjèèjì ni oṣù Kẹwàá sí Ìkọkànlá. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹwàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà á pé kí ìdánwò táàmù kìíní tó gbà yín lọ́wọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ kọ ọjọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ojú ewé kan, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aago Abẹ́òkúta àti aago wọn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Kí tíṣà ọ̀hún fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sí ìwé tirẹ̀, kó ya tirẹ̀ náà padà. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ẹ rí i nísinsìnyí, kò ní jẹ́ lójú àwọn ọmọ.

Ìpele 3: Àwọn òbí, àti ààbò ọmọ

Ẹ má fò ó. Òfin Nàìjíríà tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ ara ẹni jáde ní 2023, Bràsíl náà ní tirẹ̀ láti 2018, àwọn méjèèjì sì fẹ́ kí òbí fọwọ́ sí i kí a tó lo àwòrán, ohùn tàbí orúkọ ọmọdé. Bí kò tiẹ̀ sí òfin, ọmọ ọlọ́mọ ni.

Ẹ kọ ìwé ìyọ̀ǹda ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Kó sọ ohun mẹ́rin tí òbí fẹ́ mọ̀: ibo ni ohùn àti àwòrán ọmọ mi ń lọ, ta ló máa rí i, ìgbà wo ni ẹ máa pa á rẹ́, ṣé mo lè ní kí ẹ yọ ọmọ mi. Ẹ pè wọ́n wá, ẹ kà á fún wọn. Òbí tó bá bẹ̀rù pé wọ́n lè fi àwòrán ọmọ òun ṣe nǹkan, ẹ má já ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúlẹ̀. Kí ọmọ náà máa fi ohùn nìkan ránṣẹ́, ohùn tó.

Òfin tiwa nìyí, a kò yí i padà fún ẹnikẹ́ni: ọmọ kankan kì í gba nọ́ńbà fóònù ọmọ ọ̀hún. Fóònù tíṣà sí fóònù tíṣà ni gbogbo nǹkan ń gbà. WhatsApp fúnra rẹ̀ kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 dá ṣí àkáǹtì tirẹ̀. Orúkọ kan péré ni ọmọ máa lò, kò ní fi orúkọ bàbá kún un. Kí báàjì ilé-ìwé má hàn nínú àwòrán. Kò sí ẹ̀bùn, kò sí owó, kò sí "ẹ bá mi rán fóònù wá". Ẹ sọ èyí tó kẹ́yìn yìí létí àwọn ọmọ ṣáájú, pẹ̀lú pẹ̀lẹ́, nítorí àwọn mìíràn ń ti ilé tí ojú ti ń pọ́n wọn wá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà lábẹ́ ìpele yìí, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ dúró pẹ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì lọ́dọọdún, wọ́n ń ṣe ọdún Yemọja ní Rio Vermelho ní Salvador, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn á gbé òdòdó lọ sínú òkun. Àwọn kan nínú ọmọ ibẹ̀ ti gbọ́ nílé pé odò Ògùn ni odò rẹ̀, àti pé odò náà ń ṣàn kọjá ní Abẹ́òkúta. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ibi tí ẹ wà, ohun tí wọ́n máa bèèrè ni pé, ṣé ẹ máa ń lọ sí odò náà? Ọmọ tiwa sì wá láti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí.

Ní ọdún tí a bẹ̀rẹ̀, ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi dáhùn pé, "A kì í ṣe nǹkan burúkú bẹ́ẹ̀ níbí." Ọmọ tó kọ̀wé sí i, ìyá àgbà rẹ̀ jẹ́ olórìṣà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi kọ nǹkan kan. Tíṣà rẹ̀ ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Èmi ni mo kùnà, torí n kò múra ọmọ mi sílẹ̀.

Láti ìgbà náà, a ń kọ́ wọn ní gbólóhùn kan kí lẹ́tà kankan tó lọ: "Nílé tiwa, a kì í ṣe é, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ bí ẹ ṣe ń ṣe é." Ọmọ kò purọ́, kò sì bu ẹnikẹ́ni. A sì sọ fún àwọn òbí ní gbangba pé ọ̀rọ̀ òrìṣà máa wáyé, pé bíbéèrè àti gbígbọ́ ni àwọn ọmọ ń ṣe, wọn kò ní bọ nǹkan kan. Òbí méjì yọ ọmọ wọn. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn tó kù dúró títí dé òpin.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ìwé tí òbí fọwọ́ sí pé iye ọmọ. Ẹ mú ọmọ mẹ́ta, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè odò yẹn láìròtẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá dáhùn láìwo ojú yín, ẹ tẹ̀síwájú.

Ìpele 4: Ẹ so ọmọ pọ̀ ní méjì-méjì

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ kan níbí, ọmọ kan níbẹ̀, orúkọ sí orúkọ. Ẹ má fi "kíláàsì wa" kọ̀wé sí "kíláàsì yín", torí ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, kò sẹ́ni tó ń dáhùn rẹ̀. Bí iye wọn kò bá dọ́gba, ẹ fi ọmọ méjì ti ọmọ kan. Ẹ gbé orúkọ náà kọ́ ara ògiri.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ọmọ yín lè pe orúkọ ẹnì kejì rẹ̀ láìwo ògiri.

Ìpele 5: Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìsí ìpè fídíò

Ohùn tí a gbà sílẹ̀, ìwé tí a fọwọ́ kọ tí a sì ya ní fọ́tò, àti àwòrán. Ìwọ̀nyí nìkan ni a ń lò. Ohùn ìṣẹ́jú kan lórí WhatsApp kò tó 1MB, nígbà tí ìpè fídíò ìdajì wákàtí lè jẹ dátà tó máa tó yín rán ohùn fún odindi táàmù. Ọjọ́ Ajé ni a ń gbà á sílẹ̀, Ọjọ́rú ni ó ń lọ, ọjọ́ Ajé kejì ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ dé.

*Ọ̀sẹ̀ kìíní: orúkọ.* Ọmọ tiwa á sọ orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé kí wọ́n tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ní oríkì, kó pè é. Á fi Yorùbá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà á sọ gbólóhùn méjì ní Potogí: *Bom dia. Meu nome é…* (Ẹ káàárọ̀. Orúkọ mi ni…). Ẹ ṣọ́ra níbí o. Obìnrin ni tíṣà tó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa fún àpẹẹrẹ, ó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú *obrigada*. Gbogbo ọmọkùnrin wa ló sọ *obrigada*. *Obrigado* ni ọkùnrin ń fi dúpẹ́. Obìnrin ló ń sọ *obrigada*. Ẹ bèèrè ohùn ọkùnrin kan àti ti obìnrin kan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yìí náà ni ẹ máa rí bí àmì ohùn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọmọ kan láti Bahia kọ̀wé pé: ṣé Ògún ló ni odò Ogun? Lọ́dọ̀ wọn, *Ogum* ni wọ́n ń kọ orúkọ òrìṣà yẹn, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ọmọkùnrin kan nínú kíláàsì wa, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, dìde, ó gba fóònù, ó sì sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ògùn, dò-dò, odò wa nìyẹn. Ògún, dò-mí, òrìṣà nìyẹn. Ogun, re-re, ìjà nìyẹn. Ogún, re-mí, ohun tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ nìyẹn." Ó fi ìka lu tábìlì bí ó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí ìdáhùn dé, ọmọ mọ́kànlá láti ọ̀hún ló gbà á sílẹ̀ tí wọ́n ń tún un wí, ẹ gbọ́ ìlù ìka lórí tábìlì wọn. N kò rí ẹ̀kọ́ ohùn tó wọlé tó bẹ́ẹ̀ rí.

*Ọ̀sẹ̀ kejì: àkàrà.* Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan tọ ẹni tó ń din àkàrà ní àdúgbò rẹ̀ lọ, tàbí ìyá rẹ̀, kó kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sílẹ̀ láti rírẹ ẹ̀wà dé jíjẹ. Ní Bahia, *acarajé* ni wọ́n ń pè é, ẹ ó gbọ́ "àkàrà" àti "jẹ" nínú rẹ̀. Epo pupa ni wọ́n fi ń din ín, wọ́n á là á sí méjì, wọ́n á fi edé àti ọbẹ̀ kan tó ki tí wọ́n ń pè ní *vatapá* há a láàárín. Ní 2005, ìjọba Bràsíl kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á sínú ìwé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn. Nígbà tí mo ka èyí sétí àwọn ọmọ, ọ̀kan tí ìyá rẹ̀ ń din àkàrà lẹ́bàá ilé-ìwé gbé orí sókè. Wọ́n tún ní *acaçá*, ẹ̀kọ inú ewé ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i fúnra wọn, ẹ má ṣáájú sọ fún wọn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀: ọmọ á lọ ṣe àdàkọ bí wọ́n ṣe ń din àkàrà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nítorí kò ní sí orúkọ àdúgbò, kò ní sí aago, kò ní sí iye tó rà á. Ẹ dá a padà.

*Ọ̀sẹ̀ kẹta: ohun kan tí ìlú yín ń fọwọ́ ṣe.* Ìtòkú ni a lọ, sọ́dọ̀ àwọn aláró. Kí a tó lọ, mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kí aláró, "Àrẹ̀dú o!", torí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú Abẹ́òkúta gan-an ni kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ kí wọn, ẹ dúró, ẹ bèèrè kí ẹ tó gbé fóònù sókè. Ìyá kan tí a kí bẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ tó ti dú dé ìgbọ̀nwọ́ hàn wá, ó sì ní kí ọmọ kan fi ìyẹ́ adìyẹ ya ìlà sí etí aṣọ. Ẹ̀kọ láfún ló wà nínú abọ́ náà. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé lára aṣọ, aró kò ní wọ ibẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ nìyẹn, tí èyí tí wọ́n fi iko dì sì ń jẹ́ oníko. Àwòrán márùn-ún ló lọ sí Bahia, àti ohùn ìyá náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀.

*Ọ̀sẹ̀ kẹrin: àtúnṣe.* Ọmọ kọ̀ọ̀kan á ṣàtúnṣe ìwé ẹnì kejì rẹ̀ ní èdè ara rẹ̀. Ohun méjì péré ni kó tún ṣe nínú ìwé kan. Bó bá fi bíírò pupa kún gbogbo ojú ewé, ọmọ ọ̀hún kò ní kọ Yorùbá mọ́. Kó sì kọ gbólóhùn kan tó dára jù nínú ìwé náà padà síbẹ̀, kí ẹni tó ni ín mọ̀ pé wọ́n kà á.

Ẹ kìlọ̀ nípa Google Translate ní ọ̀sẹ̀ yìí. *Você* ni àwọn ọmọ Bràsíl sábà máa ń pe ọmọdé àti àgbà, ẹ̀rọ á sì tú u sí "ìwọ". Ọmọ kan kọ̀wé sí mi pé, "Báwo ni o ṣe wà, Tíṣà?" Inú bí àwọn ọmọ mi, wọ́n ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní kí wọ́n jókòó. A jọ gba ohùn kan sílẹ̀ lórí "o" àti "ẹ", ẹni tí a ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan fún, àti bí ọmọ ṣe ń fi ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ kí àgbà. Àwọn náà ṣàlàyé fún wa pé "pró" ni àwọn ń pe tíṣà àwọn obìnrin, pé ìfẹ́ ló wà nínú rẹ̀, pé kì í ṣe àfojúdi.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ní òpin ọ̀sẹ̀ kẹrin, ẹ ka iye ìdáhùn. Nínú ogún ọmọ, bí mẹ́rìndínlógún bá ti gba ìdáhùn nígbà gbogbo, ẹ ti ṣe é. Bó bá dín ní mẹ́wàá, ẹ má lọ sí ìpè fídíò. Ẹ bá tíṣà ọ̀hún sọ̀rọ̀, kí ẹ dín iṣẹ́ kù sí ohùn kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kan, kí ẹ lo ọ̀sẹ̀ méjì sí i.

Ìpele 6: Ìpè fídíò, ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún

Nísinsìnyí, àwọn ọmọ ti mọra. Kò ní sí "báwo ni ojú ọjọ́ yín" mọ́.

Ẹ ṣe ìdánwò ní ọjọ́ kan ṣáájú, ní aago kan náà gẹ́lẹ́, nínú kíláàsì kan náà. Nẹ́tíwọ̀kì aago 7 alẹ́ nílé yín kò sọ nǹkan kan nípa ti aago 12 ọ̀sán nílé-ìwé. Ẹ gbé fóònù káàkiri kí ẹ rí igun tó ti lágbára jù; tiwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ojú pópó, a sì ní láti fara da ariwo ọkọ̀.

Zoom ọ̀fẹ́ á gé yín ní ìṣẹ́jú 40, nítorí náà ẹ ṣètò ìṣẹ́jú 35. Tiwa rí báyìí: ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ìkíni, gbogbo kíláàsì lápapọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún fún ọmọ méjì-méjì mẹ́jọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta fún méjì kọ̀ọ̀kan. Orin kan láti ọ̀dọ̀ wa, orin kan láti ọ̀dọ̀ wọn. Ó parí. Àwọn méjìlá tó kù nínú ogún ọmọ wa á sọ̀rọ̀ nínú ìpè kejì àti ìkẹta, ní ọjọ́ mìíràn.

Kí ọmọ tó fẹ́ sọ̀rọ̀ wá jókòó síwájú kámẹ́rà, kí àwọn tó kù jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìwé wọn. Ẹ má gbé fóònù láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ má jẹ́ kó ka ìwé. Ìbéèrè mẹ́ta tó jáde láti inú lẹ́tà ẹnì kejì rẹ̀ ni kó mú lọ́kàn. Bí kẹ́kẹ́ bá pa mọ́ ọmọ lẹ́nu, ẹ má bá a dáhùn. Ẹ ka márùn-ún nínú ọkàn yín. Ó máa sọ̀rọ̀.

Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já, ẹ pa fídíò kí ẹ fi ohùn nìkan ṣe é. Bí ohùn náà bá já, kí tíṣà méjèèjì ti ní ohùn àwọn ọmọ mẹ́jọ náà ní ìgbàsílẹ̀ láti àná, kí ẹ gbé e sí spíkà lójú ẹsẹ̀, kí kíláàsì máa tẹ̀síwájú. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Iná ti lọ, MiFi ti kú, àwọn ọmọ ṣì jókòó tí wọ́n ń gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ wọn.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Kí wọ́n tó jáde, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun kan tó gbọ́ lónìí tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ohun tí wọ́n kọ bá jẹ́ "mo rí wọn, inú mi dùn" nìkan, ìbéèrè wọn kò jinlẹ̀. Ẹ tún un ṣe kí ìpè kejì tó dé.

Ìpele 7: Ohun kan tó máa kù sílẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà

Ẹ jọ ṣe ìwé ọ̀rọ̀ kékeré kan, ogójì ọ̀rọ̀, Yorùbá lápá kan, Potogí lápá kejì. Ọmọ méjì-méjì kọ̀ọ̀kan á mú ọ̀rọ̀ méjì wá láti inú lẹ́tà wọn, wọ́n á sì gba ohùn wọn sílẹ̀. Gbogbo àmì ohùn gbọ́dọ̀ pé. Bí àyè bá wà, ẹ ní kí tíṣà Yorùbá mìíràn kà á. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ gbé ẹyọ kan sí ilé-ìkàwé ilé-ìwé, ẹ fún òbí kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ pa àwòrán àti ohùn tí ẹ ṣèlérí láti pa rẹ́, kí ẹ sì sọ fún àwọn òbí pé ẹ ti pa á rẹ́.

Kí fóònù náà tó kúrò lọ́wọ́ yín fún ìsinmi, ẹ mú tíṣà kejì wọlé. Ẹ fi orúkọ tíṣà ọ̀hún, kàlẹ́ńdà, àti ìwé ìyọ̀ǹda hàn án. Bí wọ́n bá gbé yín lọ sí ilé-ìwé mìíràn ní Ìjẹ̀bú tàbí Yewa ní oṣù Kìíní, àwọn ọmọ yín ò ní máa dúró de ìdáhùn tí kò ní dé.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Tíṣà kejì yẹn ti fi ohùn ara rẹ̀ kí tíṣà Bahia, tíṣà Bahia ti dá a lóhùn, ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀ sì ti wà nínú ìwé àwọn méjèèjì, pẹ̀lú aago méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.